Èsì: Ṣé Yorùbá nìkan kọ́ ló ní «p» wa yìí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá èdè kan wà ní Òkun Pàsífíìkì tó ní «p» tiwa, tí ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n jọ ń pè. Ó wà o! Yélî Dnye ni, ní erékùṣù Rossel, Papua New Guinea. Wọ́n tún máa ń pa ètè dé kí iwájú ahọ́n sì kan òkè ẹnu lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí «t» gun «p» lẹ́yìn. Mo gbìyànjú ẹ̀, itọ́ ló fọ́n jáde! Ìró wọn tó 90, bẹ́ẹ̀ tiwa ò ju 30 lọ. Àwọn náà ní fáwẹ̀lì àránmúpè, ìyẹn èyí tí à ń gba imú pè bíi «an». Èdè Hawaii, tóun náà wà ní Òkun Pàsífíìkì, kò bá Yélî Dnye tan rárá. Kọ́ńsónáǹtì 8 péré ló ní.