Kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ eré aláwàdà orí tẹlifíṣàn tó fi owó sí i

Ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa ṣe eré aláwàdà fún tẹlifíṣàn ní Ìbàdàn darí eré fúnra rẹ̀, kó sì tún jẹ́ òun ni yóò gbé e jáde, ìyẹn ni pé kó wá owó rẹ̀. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ìmọ̀ràn mi sì ni pé kí ẹ kọ́ ìdarí dé ojú àmì kí ẹ tó dáwọ́ lé ti owó.

Àwọn àgbà òṣèré orí ìtàgé, irú Moses Ọláìyá tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, máa ń mọ ibi tí ẹ̀rín wà nínú eré wọn nítorí pé èrò jókòó níwájú wọn. Níwájú kámẹ́rà, kò sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá gbọ́dọ̀ panu mọ́ kí ohùn wọn má baà wọ inú iṣẹ́. Òṣèré á wá rò pé ọ̀rọ̀ òun kò dùn, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, tàbí kó máa pariwo. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kó àwọn ará àdúgbò jọ sí àgbàlá kan ní Mólété, kí wọ́n wo eré náà láìsí kámẹ́rà, tí mo sì ń sàmì sí ibi tí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín nínú ìwé eré. Ní ọjọ́ tí a bá ń yà á, ibẹ̀ ni mo ti ń ní kí òṣèré sinmi díẹ̀. Ẹ tún rí i pé ẹ ya ojú ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí ojú rẹ̀ ni ẹ̀rín sábà máa ń wà.

Ti owó ló le jù. Nígbà tí WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ ló ń pe ẹgbẹ́ eré wọlé. Lóde òní, ẹni tó ni eré ló sábà máa ń ra àkókò lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, tí yóò sì wá onígbọ̀wọ́ tí yóò polówó ọjà nínú rẹ̀. Àkókò ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n sábà máa ń rà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pọ̀ onígbọ̀wọ́ kì í sì í sanwó títí eré yóò fi lọ tán. Onígbọ̀wọ́ kan ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, tí àwọn òṣèré sì ń bá mi délé fún owó wọn. Láti ìgbà náà, n kì í gbé kámẹ́rà jáde kí apá kan owó tó wọlé.

Ẹ wo fíìmù Ọ̀run Móoru, tó jáde ní 1982. Ọlá Balógun ló darí rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Sàlá ló kówó lé e. Nígbà tí àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀ sí fídíò, tí wọ́n sì ń tà á káàkiri, orí ẹni tó kówó lé e ni gbèsè wà. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ìwé, kí ẹ tó yàwòrán, ẹni tó ni iṣẹ́ náà àti ẹni tó lè gbé e sórí YouTube. Títí ẹ óò fi rí onígbọ̀wọ́ tó fọwọ́ sí ọ̀sẹ̀ 13 odidi, ẹ máa darí eré fún ẹlòmíràn, kí ẹ gba owó iṣẹ́ yín, kí orúkọ yín sì hàn lójú eré.