Abẹ́rẹ́ testosterone mú ara mi le, àmọ́ ìyàwó mi ò lóyún

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin olóòtú. Ẹni ọdún 38 ni mí. Nígbà kan ó máa ń rẹ̀ mí ṣáá, màá sùn di àárọ̀ síbẹ̀ màá jí bí ẹni tí wọ́n lù, kò wá wù mí láti sún mọ́ ìyàwó mi mọ́. Dọ́kítà ní kí n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní testosterone mi, ìyẹn họ́mọ̀nù ọkùnrin, ti lọ sílẹ̀, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ká sọ tòótọ́ ó ṣiṣẹ́, okun padà, ìfẹ́ inú ilé náà padà. Àmọ́ tó bá ti ku ọjọ́ mélòó kan kí n gba òmíràn inú á kàn máa bí mi, ẹpọ̀n mi náà sì dà bí pé ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé a ti ń wá ọmọ kejì, oṣù ń wọlé oṣù ń jáde, wọ́n yẹ ìyàwó mi wò wọ́n ní kò sí ìṣòro. Ṣé ó lè jẹ́ èmi ni, pẹ̀lú bí ara mi ṣe le tó yìí? Ṣé kí n fi abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀ ni? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dárúkọ mi.

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà o. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló ń dí ọmọ lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ó máa yà yín lẹ́nu torí họ́mọ̀nù ọkùnrin ni wọ́n ń fún yín, ó yẹ kó fi kún nǹkan ọkùnrin ni, àbí? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀.

Inú ẹpọ̀n ni testosterone ti ń wá, àmọ́ ẹpọ̀n kì í dá ṣe é. Nǹkan kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní pituitary, òun ló ń rán họ́mọ̀nù méjì sí i, LH ló máa ní kó ṣe testosterone, FSH náà sì wà fún ọ̀rọ̀ sípáàmù, ìyẹn èso inú àtọ̀ tó ń di ọmọ. Tí testosterone bá wá ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé, ọpọlọ á rí i pé ó ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ mọ́, ẹpọ̀n á kàn jókòó, ìdí tó fi ń súnkì nìyẹn. Testosterone tó máa ń wà nínú ẹpọ̀n fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ti inú ẹ̀jẹ̀ lọ fíìfíì, òun ni sípáàmù nílò láti dàgbà, ìyẹn á wá gbẹ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì kún. Àtọ̀ á ṣì máa jáde bó ṣe ń jáde torí ibòmíràn ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ ti ń wá, kò sí bí èèyàn ṣe máa fi ojú lásán mọ̀ pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Kódà WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti ṣe ìwádìí lé e lórí bóyá ó lè jẹ́ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún ọkùnrin, ìwádìí yẹn jáde ní 1990, wọ́n ń fún àwọn ọkùnrin ní 200 miligíráàmù testosterone enanthate lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ju ìdajì wọn lọ tí sípáàmù wọn lọ sí òdo.

Inú mi ò dùn sí i pé kò jọ pé ẹnikẹ́ni bi yín bóyá ẹ ṣì fẹ́ bímọ kí wọ́n tó gún yín ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Ìbéèrè yẹn ló yẹ kó ṣáájú.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ara yín ti gbàgbé iṣẹ́ yẹn fún ìgbà díẹ̀, tí ẹ bá kàn fi í sílẹ̀ lójijì àárẹ̀ àtijọ́ á padà, ó sì lè le ju ti tẹ́lẹ̀. Ẹ lọ bá dọ́kítà, ẹni tó mọ̀ nípa họ́mọ̀nù tàbí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ló dáa jù, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì àtọ̀ àti ti LH pẹ̀lú FSH. Oògùn wà tó ń ta ẹpọ̀n jí, bíi clomiphene àti hCG, dọ́kítà ló máa mọ èyí tó bá yín mu. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin sípáàmù máa ń padà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, àwọn míì ń tó ọdún méjì, àwọn díẹ̀ ò sì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ yára lọ.

Ti inú tó ń bí yín yẹn, bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ṣe ni, testosterone inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ga lẹ́yìn tí wọ́n bá gún un, á wá wálẹ̀ kí òmíràn tó dé, ẹ sọ fún wọn.

Nǹkan kan tún wà o. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe yẹ testosterone yín wò níbẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ló máa ń ga jù, kí aago mẹ́wàá tó lù ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, American Urological Association, ẹgbẹ́ àwọn dọ́kítà tó ń tọ́jú ọ̀nà ìtọ̀ àti nǹkan ọkùnrin ní Amẹ́ríkà, sì ní kó wà lábẹ́ 300 ng/dL (ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sínú èsì tẹ́ẹ̀sì) kí wọ́n tó pè é ní kíkéré. Àìsùn dáadáa torí pé èémí ń dúró lójú oorun, ara sísanra jù, ìtọ̀ ṣúgà, àwọn oògùn ìrora tó lágbára, gbogbo wọn ló lè fà á wálẹ̀. Ẹ ní ẹ máa ń sùn di àárọ̀ kẹ́ ẹ sì jí pẹ̀lú àárẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ oorun yín wò, kó má lọ jẹ́ pé wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ wọ́n ń pa làpálàpá. Kí wọ́n wo hematocrit yín náà, ìyẹn bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ yìí máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ki, tó bá ti kọjá 54% wọ́n gbọ́dọ̀ dá abẹ́rẹ́ náà dúró títí á fi wálẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ n lẹ́ o. Jẹ́ẹ̀lì testosterone ni ọkọ mi ń fi pa èjìká, orí èjìká yẹn náà ni ọmọ wa kékeré máa ń sùn sí. Ṣé kò léwu?

ÌDÁHÙN: Ó léwu o màmá. Ó máa ń ran ẹlòmíràn láti ara sí ara. Ní 2009 FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ tó le jù sára rẹ̀ torí àwọn ọmọdé tó fara kàn án tí nǹkan ọmọkùnrin wọn ń tóbi, tí irun abẹ́ ń hù kó tó tó àkókò. Kí bàbá fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ tó bá ti pa á tán, kó jẹ́ kó gbẹ kó tó wọ aṣọ bò ó, kó sì fọ ojú ibẹ̀ dáadáa kó tó gbé ọmọ sórí èjìká. Tẹ́ ẹ bá lóyún, ẹ̀yin náà ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án rárá. Tẹ́ ẹ bá sì ti rí irú àmì yẹn lára ọmọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dọ́kítà, kẹ́ ẹ sì dárúkọ jẹ́ẹ̀lì náà fún wọn, torí wọ́n lè má ronú kàn án.