AC mọ́tò tí gáàsì ẹ̀ ń tán: níbo ló ti ń jò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. AC mọ́tò mi ò tutù mọ́, wọ́n rọ gáàsì sí i, kò pẹ́ ló tún ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Ẹni tó ṣe é ní bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì ṣe máa ń tán, kí n ṣáà máa rọ ọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Gáàsì AC kì í ṣe pẹtiróòlù tí ẹ́ńjìnnì ń jó, inú páìpù kan náà ló ń yípo, tó bá wá tán kíá báyìí, ó ń jò nìyẹn.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. A ò lè fojú rí gáàsì yẹn, àmọ́ ọ́ìlì kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀ tó sì ń tì í yípo, máa ń bá a jáde, eruku á wá lẹ̀ mọ́ ọn, ojú ibẹ̀ á dúdú, á máa yọ̀ lọ́wọ́. Ẹ wo gbogbo oríkèé hóòsì, iwájú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kọ̀ǹdẹ́ńsà (ibi tí gáàsì ti ń tú ooru dànù níwájú mọ́tò) tí òkúta ojú títì máa ń bà, kí ẹ tún ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ gáàsì sí, torí fáàfù kékeré ibẹ̀ jò ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ẹ da ìfófò ọṣẹ sí ibi tí ẹ bá fura sí, tó bá ń hó, ẹ ti rí i, àmọ́ gáàsì gbọ́dọ̀ ṣì kù nínú ẹ̀ o.

Èyí tó máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni ifapórétọ̀, ìyẹn ibi tó ń mú atẹ́gùn tutù, tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ò tó o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì wò ó lẹ́nu hóòsì tí omi AC ń gbà kán sílẹ̀, gáàsì yẹn wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ló máa ń lọ.

Tí wọ́n bá ní àwọ́n fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ tán láti fi mọ̀ bóyá ó ń jò, tí gééjì ò sì kúrò lójú kan, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìfàmọ́ra yẹn ò ju 15 psi (ìwọ̀n bí gáàsì ṣe ń tì tó) lọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tí gáàsì ti ń fún pọ̀ jù nínú AC tó ń ṣiṣẹ́ máa ń lé ní 200 psi. Naitirójìn ni kí wọ́n fi dán an wò, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ́síjìn láéláé, tòun ti ọ́ìlì lè bú gbàmù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n da oògùn tó ń dí ihò sí i, ó lè dí ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ṣiṣẹ́.