Orúkọ òdòdó lédè Faransé: pípè àti kíkọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mò ń gbé, ọgbà àwọn èèyàn ni mò ń bá wọn tọ́jú. Oníbàárà mi kan ní kí n wá róòsì 'Gloire de Dijon' àti 'Félicité Perpétue'. Mi ò mọ bí màá ṣe pè wọ́n lórí fóònù. Ṣé mo sì lè yọ àwọn àmì orí rẹ̀ kúrò tí mo bá ń kọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀pọ̀ ìró tó ń yọ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, ojoojúmọ́ ló wà lẹ́nu tiwa. "On" tó parí 'Dijon', "ọn" inú "ìbọn" ni. Ẹ má jẹ́ kí "n" yẹn dún rárá. "In" ni "ẹn" inú "ìyẹn". Róòsì kan wà tó ń jẹ́ 'Zéphirine Drouhin': "dru-ẹn" ni wọ́n ń pe Drouhin, torí "h" kì í dún. Ṣùgbọ́n bí "e" bá tẹ̀lé "in", bíi ti Zéphirine yẹn, àránmú ti kúrò níbẹ̀. "Ch" ni "ṣ" wa. "Oi" ni "wa", òun ló wà nínú Gloire. Ní ti "r" inú ọ̀fun wọn, ẹ má fìyà jẹ ara yín. Ẹni tó ń ta róòsì fún yín gan-an lè má rí i pè.

Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti máa ń yọ̀ ni àwọn àmì orí fáwẹ̀lì. Àmì ohùn kọ́ o! "É" kò ní kí ẹ gbé ohùn sókè: "e" inú "ewé" lásán ni. "È" ni "ẹ" tiwa. Nítorí náà, "fe-li-si-te" ni Félicité, ẹ pè é lọ́gbọọgba. Ẹ tún ṣọ́ "p" inú Perpétue. Kì í ṣe "p" inú "pupa". Ètè nìkan ló ń pè é, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. "Ue" tó wà níparí rẹ̀ ńkọ́? Ẹ pe "i", àmọ́ kí ẹ ká ètè bí ẹni fẹ́ pe "u".

Tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ má yọ àmì kankan, ẹ má sì tú u sí Gẹ̀ẹ́sì. Àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan ló máa ń wà ní iwájú àti ẹ̀yìn orúkọ náà. Inú àpótí ìwákiri orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo ti máa ń yọ àmì kúrò.

Ẹ lè rí 'Félicité et Perpétue' níbòmíràn. Róòsì kan náà ni, èyí tó jáde ní Faransé ní 1827. Bẹ́ẹ̀ náà ni 'Mme Alfred Carrière' àti 'Madame Alfred Carrière', ẹ má rà á lẹ́ẹ̀mejì. 'Félicité Parmentier' ni kò bá wọn tan: igi kúkúrú ni, nígbà tí Perpétue ń gun ògiri. Bí oníbàárà bá kàn ní "Félicité" lòun fẹ́, ẹ bi í léèrè ibi tó fẹ́ gbìn ín sí kí ẹ tó sanwó.