Gbogbo aláìsàn ló ń kọ "ó dára" sínú fọ́ọ̀mù wa

Ìbéèrè: Mátírọ́ọ̀nù ni mí ní ẹ̀ka àwọn aláìsàn tó ń gba ìtọ́jú lọ sílé. Àwọn ọ̀gá fẹ́ mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ aláìsàn sí. A pín fọ́ọ̀mù, "ó dára" ni gbogbo wọn kọ, síbẹ̀ wọ́n ń ráhùn ní ìta. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Mátírọ́ọ̀nù. Ta ló máa bú ọsíbítù lójú nọ́ọ̀sì tó máa gún un lábẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹ wá ẹni tí kò wọ yunifọ́ọ̀mù, kó dúró sí ẹ̀bá géètì, kó bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba oògùn tán. Kó má gba orúkọ.

Ẹ má bi wọ́n bóyá inú wọn dùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni kí ẹ bèèrè. Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2018 ka ẹ̀tọ́ 12, ṣùgbọ́n mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Abala 23 nínú Òfin Ìlera ọdún 2014 ní kí a ṣàlàyé àìsàn, ìtọ́jú, ewu àti owó rẹ̀ fún aláìsàn, ní èdè tó gbọ́. Nítorí náà: "Màmá, kí ni wọ́n ní ó ń ṣe yín? Báwo lẹ ṣe máa lo èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí?" Bí màmá bá dáhùn pé, "Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń kọ̀wé ni," ẹ ti rí èsì.

Ẹ tún bèèrè iye ènìyàn tó wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Níbi tí dókítà méjì bá ti ń lo yàrá kan, ẹni tó wá nítorí àtọ̀sí kò ní là á yé wọn. Kọ́tìnì ló yẹ kí ẹ rà níbẹ̀, kì í ṣe fọ́ọ̀mù tuntun.

Ní ti ìdúró pẹ́, ẹ kọ aago tí wọ́n dé àti èyí tí wọ́n rí dókítà sórí káàdì. Ìrántí ẹni tí ebi ń pa kò ṣeé gbára lé.

Ẹ má ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ di iye kan ṣoṣo. Ẹ ya ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí ẹ sì ya èsì àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀. Ìwé ẹ̀sùn tó ṣófo kì í ṣe ẹ̀rí ire o: ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá aláìsàn mọ ibi tó wà.