Ta ló kó 100 dọ́là yòókù?

Oníṣòwò kan kọ̀wé sí mi láti Taiwo ní Ìlọrin níbí. Ó ní orí fóònù lòun ti ń ra ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, òun a sì tà á kí ọjà tó pa lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lójúmọ́, òun kì í sì jẹ́ kí òfò ẹ̀ẹ̀kan ju 1% owó òun lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 1,000 dọ́là ti di 600. Ó wá ń bi mí bóyá kí òun sọ 1% di 5%, kí owó náà lè tètè padà.

Láàárín lẹ́tà yẹn ló ti ju gbólóhùn kan sílẹ̀ bí ẹni ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù: “Mo ní ìwé tí mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, àmọ́ mi ò ráyè kọ ọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wo? Ṣé kì í ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí owó fi ń lọ yìí náà ni?

Ó yá, ìwọ tí o ò ráyè, jẹ́ ká ṣírò. 1% nínú 1,000 jẹ́ 10 dọ́là. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń ná ọjà New York lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọgbọ̀n ìgbà nìyẹn. Ká tiẹ̀ ní gbogbo ọgbọ̀n lo pàdánù, tí o ò jèrè ẹyọ kan, 300 dọ́là ló yẹ kó lọ. 400 ló lọ. Ta ló kó 100 yòókù?

Nígbà tí iye ìpín ń já bọ̀, o sún stop-loss rẹ sísàlẹ̀, ìyẹn iye tí o ní kí áàpù bá ọ tà á bó bá ti já dé ibẹ̀, o ní yóò padà gòkè. Tàbí kẹ̀, inú bí ọ lọ́jọ́ kan, o rà á lẹ́ẹ̀karùn-ún. Ọwọ́ tó bá ṣe irú èyí kì í fẹ́ mú gègé. Irú lẹ́tà yìí pọ̀ nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, “mi ò ráyè” kì í sì í wọ́n nínú wọn.

Ẹ̀lùbọ́ ni ìyá mi tà ní Ọjà-Ọba, kò mọ̀wé. Èédú ló fi ń fa ìlà sára ògiri, ìlà kan fún kóńgò kan tó bá lọ láwìn. Ọjọ́ tí ọjà bá burú jù gan-an ni kì í gbàgbé. Ìwọ náà, ṣé o máa ń ta ọjà láwìn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ láìkọ ọ́ sílẹ̀?

5% kẹ̀! Bí o bá pàdánù léra lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 600 yẹn á ku bíi 359. Ní 1%, á ku bíi 543. Èrè bíi 67% ni yóò sì sọ 600 di 1,000 padà, bó ti wù kí o kánjú tó.

Má rà, má tà lọ́sẹ̀ yìí. Áàpù rẹ kò gbàgbé nǹkan kan. Bí ọjà wọn bá ti ń ṣí lọ́sàn-án, mú bírò, kí o máa da ohun tó wà níbẹ̀ kọ sínú ìwé rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan: iye tí o rà á, ibi tí stop-loss wà níbẹ̀rẹ̀, ibi tí o sún un dé. Ọjọ́ tí o kọ́kọ́ fò ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. O ò ní dé ojú ewé kejì kí o tó rí 100 dọ́là tí mò ń bèèrè.