Wọ́n ní méyọ̀ gba ipò tí kì í ṣe tirẹ̀: ṣé ọ̀daràn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé kóòtù ọdún 1774, wọ́n fẹ̀sùn kan méyọ̀ ìlú náà pé ó gba ipò lọ́nà àìtọ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ṣé kí n pè é ní ọ̀daràn?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Quo warranto (èdè Látìn, “nípa àṣẹ wo?”) ni irú ẹjọ́ yẹn. Bí ẹjọ́ ọ̀daràn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ipò ló wà nínú rẹ̀. Lásìkò yẹn, Blackstone, gbajúmọ̀ onímọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì, pàápàá ti kọ ọ́ pé ìtanràn náà kò ju orúkọ lásán lọ. Ìyà gidi ibẹ̀ ni pípàdánù ipò àti owó ẹjọ́. Ẹni tó wà nípò ló sì máa fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ hàn. Bí kò bá rí i fi hàn, ó tán.

Ohun tí màá kọ́kọ́ wá ni ẹni tó wà lẹ́yìn ẹjọ́ náà. Tẹ́lẹ̀, ohun ìjà ọba ni. Òun ni Ọba Charles Kejì fi gba ìwé àṣẹ ìlú London, ìyẹn ìwé tó fún ìlú náà lágbára láti ṣàkóso ara rẹ̀, lọ́dún 1683. Òfin ọdún 1710 ló jẹ́ kí aráàlú lè gbé e wá, bí kóòtù bá gbà fún un. Láti ìgbà náà, àwọn tí ìbò kò gbè sábà máa ń sá lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ni wọ́n rí sọ? Ó lè jẹ́ pé ọjọ́ ìdìbò kò bá ìwé àṣẹ ìlú mu. Ó sì lè jẹ́ ti ẹ̀sìn: òfin ọdún 1661 ní ẹni tí kò bá gba Ara Olúwa nínú Ìjọ Áńgílíkà láàárín ọdún kan ṣáájú ìdìbò kò gbọ́dọ̀ di ipò ìlú mú. London tilẹ̀ sọ èyí di ọ̀nà àtirówó. Wọ́n á yan ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gba Ara Olúwa bẹ́ẹ̀ sí ipò ṣẹ́ríìfù, ọ̀kan lára àwọn ipò ìlú; bó bá kọ ipò náà, ìtanràn 600 póùn ni! Allen Evans, ọ̀kan lára irú àwọn bẹ́ẹ̀, ló bá wọn fà á dé Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, ó sì borí lọ́dún 1767.

Ẹ wo ọdún tí ọkùnrin yín gorí ipò náà pẹ̀lú. Nínú àwọn ẹjọ́ ìlú Winchelsea lọ́dún 1766, kóòtù ní àwọn kò ní yọ ẹni tó ti lo 20 ọdún nípò lẹ́nu mọ́. Òfin ọdún 1792 wá dín in kù sí ọdún 6.

Ẹ kàn kọ ọ́ pé kóòtù rí i pé ìdìbò rẹ̀ kò bófin mu, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Àwọn ìwé ìbúra tí wọ́n fi tọrọ àyè ẹjọ́ náà wà lára ìwé kóòtù ọba tó wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, ní London. Ẹ ka ti ọ̀tún, ẹ ka ti òsì, torí irọ́ pọ̀ níbẹ̀.